Mi Ò Dárúkọ Ẹnikẹ́ni

Ẹ má bi mí bóyá mo mọ òfin iṣẹ́ mi. Mo mọ̀ ọ́n. Ọ̀gá mi obìnrin ti fi kọ́ mi lọ́jọ́ kìíní tí mo wọ ilé ìwòsàn kékeré tí a ti ń ṣiṣẹ́ ní Warri: ohun tí èèyàn bá sọ nínú yàrá yìí, inú yàrá yìí ló ń gbé. Wẹ́fíà ni wọ́n ń pè wá. Ká jókòó ti ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti dàrú, ká gbọ́ tẹnu rẹ̀, ká bá a wá ibi tó lè gbé ẹsẹ̀ lé, iṣẹ́ wa nìyẹn. Láyé ìjà Warri, ojoojúmọ́ ni àwọn tí ilé wọn jóná létí omi ń wọ ìgboro pẹ̀lú aṣọ ọrùn wọn nìkan.

Màmá kan tó jẹ́ ará Ìlàjẹ wà nínú wọn. Wọ́n ti sá dé Jeddo, lẹ́bàá Warri, ọ̀dọ̀ àbúrò wọn obìnrin, tí wọ́n fúnra wọn tọ́ dàgbà. Àbúrò yìí ń ta ẹja ní ọjà ńlá. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, obìnrin, ó sì ti fi í fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tọ́ létí omi. Ní báyìí, ẹ̀gbọ́n dé pẹ̀lú ọmọ tirẹ̀ méjì, ọmọ àbúrò ò bá wọn dé. Màmá ní ilé ìwé lọ́mọ náà wà nígbà tí ìbọn bẹ̀rẹ̀ sí í dún, pé kò sẹ́ni tó lè dé ibẹ̀.

Irọ́ ni. Ó tó oṣù méjì tí wọ́n ti ń wá sọ́dọ̀ mi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kí wọ́n tó sọ òtítọ́ fún mi. Wọ́n ń sọ Ìlàjẹ, èmi ń fi Ìjẹ̀bú dá wọn lóhùn, a sì gbọ́ra wa yé dáadáa. Àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n kó dé èbúté. Ọkọ̀ ti kún. Ọlọ́kọ̀ ní, "Na two pikin fit enter. No be three." Wọ́n gbé ọmọ tiwọn méjèèjì wọlé, wọ́n ní kí ọmọ àbúrò di òpó èbúté mú, pé ọkọ̀ á padà wá gbé e. Ọkọ̀ ò lè padà mọ́. Láti ìgbà yẹn, àbúrò ló ń bọ́ wọn, òun náà ló ń dúpẹ́ pé Ọlọ́run dá ẹ̀gbọ́n òun sí. Màmá ní gbogbo òkèlè tí àwọn bá gbé mì nínú ilé yẹn, bí òkúta ló ń rí lọ́nà ọ̀fun.

Wọ́n fẹ́ jẹ́wọ́. A sọ ọ́ títí a fi fẹnu kò: ẹnu tiwọn ni wọ́n máa fi sọ ọ́, lọ́jọ́ tí wọ́n bá fúnra wọn mú, èmi á sì jókòó tì wọ́n. Wọ́n mú ọjọ́ Sátidé.

Wẹ́sidé tó ṣáájú, mo lọ síbi àdúrà àwọn obìnrin ní ìjọ wa ní Enerhen. Ọ̀sán la máa ń ṣe é, nítorí kónílé-ó-gbélé. Ẹ mọ bí Warri ṣe rí: Pídgìn lọ́jà, Pídgìn nínú ọkọ̀, kódà Pídgìn lẹ́nu ọmọ bíbí inú ẹni. Ibẹ̀ nìkan lèèyàn ti ń fi Yorùbá tú ọkàn rẹ̀ jáde. Oníkálukú ló ń sọ ẹrù kan tó wà lọ́kàn rẹ̀, ká lè bá a gbé e. Nígbà tó kàn mí, mo ní kí wọ́n bá mi gbàdúrà fún màmá kan. Mi ò dárúkọ. Mo kàn ní ó sá wá láti etí omi, ó ń gbé lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀, ó fi ọmọ àbúrò sílẹ̀ ní èbúté, ó fẹ́ jẹ́wọ́ ní Sátidé. Àwọn obìnrin figbe ta: "Yéè! Olúwa gbà wá o!" Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́, ó dùn mọ́ mi. Mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé iṣẹ́ mi kì í ṣe iṣẹ́ ọmọdé.

Èèyàn mélòó ni àwa Yorùbá ní Warri, jọ̀wọ́? Obìnrin kan wà láàárín wa tí ìsọ̀ rẹ̀ kángun sí ti àbúrò lọ́jà. Kí a tó ṣe àmín ló ti mọ̀. Kì í sì í ṣe olófòófó. Ṣebí bí ẹnì kan bá fẹ́ lọ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, ẹlòmíì a kọ́kọ́ lọ bá a bẹ ẹni tó ṣẹ̀ sílẹ̀? Àṣà wa nìyẹn. Àárọ̀ Tọ́sìdé ló lọ kúnlẹ̀ síwájú ìsọ̀ àbúrò, ó ní kó fi orí ji ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kó tó di Sátidé.

Wọ́n ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tèmi kọ́ ni wọ́n gbá.

Lọ́jọ́ Fúráìdé, màmá dé yàrá mi pẹ̀lú ọmọ méjèèjì àti báàgì kan. Wọn ò jókòó. Mo dọ̀bálẹ̀ pátápátá, èmi obìnrin, mi ò mọ ohun tí mò ń ṣe mọ́. Wọ́n ní, "Dìde, ọmọ mi. Sátidé ni mo sọ fún ọ." Wọn ò bú mi. Ì bá sàn kí wọ́n bú mi! Wọ́n wọ mọ́tò lọ sí ọ̀nà Oǹdó lọ́jọ́ náà, mi ò sì tún fojú kàn wọ́n mọ́.

Mo lọ jẹ́wọ́ fún ọ̀gá mi. Mo ní, "Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni, mà." Ó pa fáìlì iwájú rẹ̀ dé. "You no call name," ló wí. "Na only name you no call."

Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì, àbúrò fúnra rẹ̀ wá. Ó ti rù. Orí àga tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa ń jókòó sí ló jókòó. Ó ní òun ò wá jà. "Ẹ̀yin lẹ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, nígbà tí ọkọ̀ ń lọ, kí ni ọmọ mi sọ?"

Mo mọ̀ ọ́n. Màmá ti sọ ọ́ fún mi, ọ̀rọ̀ mélòó kan péré ni. Òun nìkan ni mi ò gbé dé ìjọ. Mo sọ fún un pé mi ò lè sọ ọ́, pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ni ín.

Ó wo ojú mi. "Ẹ sọ tèmi fún gbogbo ìjọ," ló wí, "èmi tí mo bí i wá ni ẹ ò lè sọ fún."

Ó dìde, ó tún ìró rẹ̀ ró, ó lọ.