Àwòrán Tí Yudon Ní Òun Ti Pa Rẹ́

Ibùdó kẹta ní Bylakuppe, níbi tí àwọn ará Tibet tó sá wá sí India tẹ̀dó sí, ni wọ́n bí Yudon sí, láàárín oko àgbàdo, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì bí ìyá rẹ̀ sí. Tibet tí gbogbo wọn ń pè ní ilé, ẹnu àwọn àgbà nìkan ló ti mọ̀ ọ́n. Ọdún mẹ́fà ló fi hun ẹní nílé iṣẹ́ ahunní kí ó tó lọ kọ́ṣẹ́ fọ́tò. Kì í ṣe pé ó ti ń lálàá kámẹ́rà tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yìn ló ń dùn ún lórí òfì, ó sì gbọ́ pé Gen Rabten ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́ náà lọ́fẹ̀ẹ́.

Gen-la ni gbogbo ibùdó ń pe ọkùnrin yìí, bí a ti í pe olùkọ́ tí a bọ̀wọ̀ fún. Ó ti gbé kámẹ́rà kọ́rùn dé Delhi, ó gbé e dé Kathmandu, kò sì sí ìwọ́de tàbí ìsìnkú kan tí kò yà nínú ogún ọdún. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan kámẹ́rà. Ó ní kí kálukú lọ jókòó nílé ẹnì kan fún wákàtí méjì pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo, kí wọ́n padà wá sọ ohun tí wọ́n rí. Àwọn yòókù sọ̀rọ̀ nípa pẹpẹ àdúrà àti àwọ̀ ògiri. Yudon sọ pé ìyá àgbà tí òun lọ bá ń dá gbé, síbẹ̀ ife méjì ló ń bu tíì oníbọ́tà sí. Gen-la yíjú sí àwọn tó kù, ó ní kí wọ́n gbọ́, ó ní ojú tí ń ríran nìyẹn.

Bàbá Yudon kú sẹ́nu iṣẹ́ ológun nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin. Láti ọjọ́ tí Gen-la ti yìn ín yẹn, ó fẹ́ràn rẹ̀ bí ọmọ ti í fẹ́ràn bàbá.

Ìyá àgbà náà ni Chimey, tí wọ́n ń pè ní Momo-la bí wọ́n ti í pe ìyá àgbà, tí ilé rẹ̀ wà lẹ́yìn ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ àgbàdo. Ó ti pé ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ló wà nígbà tó sá kọjá òkè yìnyín, ó sì fi àbúrò rẹ̀ ọkùnrin sílẹ̀, Thargay, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí òun fúnra rẹ̀ pọ̀n dàgbà. Ó lé ní àádọ́ta ọdún kí ó tó tún gbúròó rẹ̀. Darandaran ni Thargay di lọ́hùn-ún. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, wọ́n á rí ara wọn lójú fóònù fún ìṣẹ́jú mélòó kan, wọ́n á sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ àti màlúù, nítorí pé ìjọba China ń tẹ́tí sí wọn, ọ̀rọ̀ mìíràn léwu.

Yudon ní òun yóò fi àwòrán sọ ìtàn ìyá yìí. Oṣù mẹ́jọ ló fi ń lọ síbẹ̀. Ó bá a ṣẹ́ àgbàdo, ó bá a yí tẹ́ńpìlì ká láàárọ̀, ó sì bá a lu agolo lé erin tó wọ oko. Momo-la wá ń pè é ní ọmọ mi. Àmọ́ ó ti là á yé e láti ìbẹ̀rẹ̀ pé:

"Ya ọwọ́ mi, ya ẹ̀yìn mi, kódà ya ìkòkò tíì mi tó ti dúdú. Ojú àbúrò mi, má yà á. Níbi tó wà, ojú a máa kó bá ẹni tó ni ín."

Yudon gbà.

Lọ́jọ́ kejì ọdún tuntun wọn, Thargay pè. Yudon wà ní igun yàrá, kámẹ́rà rẹ̀ kọjú sí ọwọ́ ìyá náà gẹ́gẹ́ bí ìlérí. Ṣé o mọ̀ pé báwọn ará Tibet bá fẹ́ràn ara wọn, iwájú orí ni wọ́n fi ń kan iwájú orí. Ọkùnrin náà tẹrí mọ́ fóònù tirẹ̀ lọ́hùn-ún, Momo-la náà sì tẹrí mọ́ tirẹ̀ níhìn-ín, ọ̀nà àádọ́ta ọdún ó lé wà láàárín wọn. Yudon kò rò ó. Ọwọ́ rẹ̀ ló gbé kámẹ́rà sókè, tó sì tẹ bọ́tìnì. Ojú àwọn méjèèjì hàn kedere.

Ó jẹ́wọ́ lójú ẹsẹ̀. Momo-la ní kí ó pa á rẹ́. Yudon ní òun ti pa á rẹ́.

Kò pa á rẹ́. Ó gbé e lọ fi han Gen-la, nítorí pé òun nìkan ló rò pé yóò mọ ohun tí àwòrán náà jẹ́. Gen-la wò ó títí, omijé lé ròrò sójú rẹ̀. Yudon sọ ìlérí tó ṣe fún ìyá náà fún un, ó bi í léèrè ohun tí òun yóò ṣe.

"Má pa á rẹ́," ni Gen-la wí. "Ohun tí a bá pa rẹ́ kì í padà wá mọ́. Jẹ́ kó wà lọ́dọ̀ mi. Àárín èmi àti ìwọ ló máa mọ."

Ó dà á sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀ pẹ̀lú ìwé tí Yudon kọ nípa ìyá náà fún kíláàsì. Ara Yudon balẹ̀.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní òwúrọ̀ Sátidé, àwọn aládùúgbò ya wọ ilé ìyá Yudon pẹ̀lú kátà lọ́wọ́, ìborùn funfun tí wọ́n fi ń yẹ́ni sí. Wọ́n ń fi í kọ́ ọ lọ́rùn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní àwòrán rẹ̀ ló gba ipò kìíní níbi ìpàtẹ ńlá kan ní Delhi. Inú Yudon dùn. Èyí ló ń dùn ún jù lónìí, pé inú òun kọ́kọ́ dùn ná kí òun tó béèrè àwòrán wo ni.

Ẹnì kan na fóònù sí i. Momo-la àti àbúrò rẹ̀, orí kan orí. Lábẹ́ rẹ̀ ni orúkọ Thargay wà, àti orúkọ pápá tó ti ń da ẹran, bí Yudon ti kọ ọ́ sínú ìwé kíláàsì gẹ́lẹ́. Lókè rẹ̀, gàdàgbà, ni orúkọ Yudon.

Tòun ti kátà lọ́rùn ló fi dé ilé Gen-la. Ọkùnrin náà fi ẹ̀rín pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Gen-la, ẹ ṣèlérí fún mi."

"Mo ṣèlérí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ wo la ti ń pariwo tí ayé ò gbọ́? Àwòrán kan ṣoṣo rèé, wọ́n gbọ́."

"Orúkọ rẹ̀ ńkọ́? Kí lẹ fi orúkọ rẹ̀ síbẹ̀ ṣe?"

"Àwòrán tí kò lórúkọ, ta ni yóò kà á sí òtítọ́?"

"Ẹ sì fi orúkọ tèmi sí i."

"Ìwọ lo yà á, ọmọ mi. Ṣé kí n wá jí iṣẹ́ rẹ ni?"

Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ṣe é lóore. Yudon wá rí ìwé kan lórí tábìlì, tí wọ́n fi pe Gen-la sí Delhi láti wá bọlá fún olùkọ́ tó tọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Ó yí padà, ó gba ọ̀nà ilé Momo-la.

Ìròyìn ti dé ọ̀dọ̀ Momo-la kí ó tó débẹ̀. Fóònù wà ní itan ìyá náà. Ó ti pe Thargay láti àárọ̀. Ó dún títí, nígbà tó yá kò tilẹ̀ dún mọ́.

"O ní o ti pa á rẹ́," ni Momo-la wí.

"Mo sọ bẹ́ẹ̀."

"Ṣé o pa á rẹ́?"

"Rárá, Momo-la. Gen-la ló..."

"Èmi ò ṣílẹ̀kùn fún Gen-la. Ìwọ ni mo ṣí i fún."

Kò pariwo. Ó dìde, ó sì rọra ti ilẹ̀kùn náà.

Yudon kọ̀wé sí àwọn tó ṣe ìpàtẹ, ó ní òun kò gba ẹ̀bùn, kí wọ́n yọ àwòrán náà. Ọjọ́ mẹ́sàn-án kọjá kí wọ́n tó yọ ọ́, àwọn mìíràn sì ti kó o káàkiri orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Inú bí àwọn ará ibùdó pé ó kọ ẹ̀bùn náà. Wọ́n ní ó dójú tì wọ́n. Gen-la, tó mọ gbogbo bó ṣe jẹ́, sọ níbi ìpàdé pé ẹ̀rù ló ba ọmọdé náà, pé òkìkí ti wúwo jù fún un. Nígbà tí wọ́n ròyìn èyí fún Yudon ni nǹkan já nínú rẹ̀. Títí di ìgbà náà, ó ṣì ń wá àwáwí fún un.

Oṣù méje kọjá kí arìnrìn-àjò ẹ̀sìn kan tó gba Nepal wọlé tó mú ìròyìn dé. Thargay wà láàyè. Àwọn ọlọ́pàá pè é lọ bi í léèrè lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n gba fóònù rẹ̀, wọ́n sì ní kò gbọdọ̀ da ẹran lọ sókè mọ́. Ó ní kí ẹ̀gbọ́n òun má wá òun.

Lóṣù tó tẹ̀ lé e, Gen-la bẹ̀rẹ̀ kíláàsì tuntun. Yudon lọ síbẹ̀ lọ́sẹ̀ kejì. Ó dìde láàárín àwọn mọ́kànlá tó wá kọ́ṣẹ́, ó sì rò ó fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, pẹ̀lú irọ́ tí òun fúnra rẹ̀ pa fún ìyá náà. Kò fi ọ̀kan pamọ́. Gen-la dúró, ó káwọ́ gbera.

"Ṣé o ti parí?"

"Mo ti parí, Gen-la."

Ó yíjú sí àwọn tó kù, ó ní kí wọ́n ṣí ojú kámẹ́rà wọn. Àwọn mẹ́ta dìde tẹ̀ lé Yudon jáde. Àwọn mẹ́jọ jókòó.

Nígbà tí orúnkún Momo-la kọṣẹ́ lásìkò òjò, Yudon lọ síbẹ̀ láti mú un lọ sí ilé ìwòsàn. Ìyá náà wò ó fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó na ọwọ́ sí i. Láti ìgbà náà, gbogbo Ọjọ́rú ni wọ́n jọ ń lọ. Wọn kì í dárúkọ Thargay. Momo-la kò sì pè é ní ọmọ mi mọ́. Yudon ló ń pè é, bí gbogbo èèyàn ti ń pè é. Fọ́tò ìwé ìdánimọ̀ àwọn ọmọ iléèwé ló ń yà báyìí, ojú kan, ògiri funfun, ó parí. Bó bá pàdé Gen-la lọ́nà, ó ń tẹrí ba fún un nítorí ẹ̀kọ́ ilé, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í dúró.