Sítáǹpù Tí Ìyá Bùkárì Fi Ẹ̀kọ Lẹ̀

Jàrátù lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Ìyá Bùkárì ni gbogbo Èsìẹ́ ń pè é. Olóògbé ọkọ rẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún un, Bùkárì náà, tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe bàtà l'Ékòó nígbà tí owó epo ń ṣàn.

Kò sí Iléyá tí Bùkárì wálé tí kì í mú ìwé sítáǹpù wá fún un. Ìwé pẹlẹbẹ kan ni, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, sítáǹpù ló wà nínú rẹ̀ tí èèyàn á máa ya lọ́kọ̀ọ̀kan. Á ní, "Ìyá, ẹ má sọ pé ẹ ò rí sítáǹpù lẹ ò fi kọ̀wé sí mi o." Ìyá ò mọ̀wé, èmi tí mo ka ìwé mẹ́fà ni mo ń bá a kọ ọ́, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ràn ìwé sítáǹpù yẹn tó Ìyá? Ẹ̀yìn àwọn ti àkọ́kọ́ nípọn, ó ń dán, àwòrán aláwọ̀ mèremère wà lára rẹ̀, bébà kan tó ń yọ̀ bí ẹni fi epo pa á sì wà láàárín ewé kọ̀ọ̀kan kí gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn sítáǹpù má baà lẹ̀ mọ́ra. Nígbà tó yá, àwòrán di aláwọ̀ kan. Ìgbà tí nǹkan wá le, tí mílíìkì di ohun àwárí, èyí tó mú wá kò ní àwòrán, kò ní bébà yíyọ̀.

Ìyá yẹ̀ ẹ́ wò. "Háà! Wọ́n ti bọ́ aṣọ lára ìwé mi!"

A rẹ́rìn-ín. Ó tì í sábẹ́ aṣọ nínú àpótí bó ṣe máa ń ṣe.

Nígbà òjò ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n dá Bùkárì dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ó kọ̀wé pé àwọn ọ̀rẹ́ òun ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Gàbọ́ọ̀nù. Bí Ìyá bá fẹ́ kí òun wá máa dáko nílé, kó fèsì. Bí òun ò bá gbọ́ nǹkan kan títí Iléyá, òun á mọ̀ pé Ìyá yọ̀ǹda kí òun bá wọn lọ.

"Kọ ọ́ pé kó máa bọ̀," ni Ìyá wí. "Ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ń bẹ. Mo ní kó má gba ojú omi lọ!"

Mo kọ ọ́. Ìgbà tí a máa ṣí ìwé sítáǹpù, ọ̀rinrin ti mú un, gbogbo rẹ̀ ti lẹ̀ pọ̀ gbagidi. A sáré lọ bá ẹni tó ń tà á, ó ní tòun ti tán. A rẹ tiwa sómi, a rí ọ̀kan yọ, àmọ́ gọ́ọ̀mù ti lọ lára rẹ̀.

"Ìyàwó, bu ẹ̀kọ wá."

"Ẹ̀kọ kẹ̀, Ìyá?"

"Kí lo fi lẹ kálẹ́ńdà mọ́ ògiri yàrá rẹ? Ó já bọ́ rí?"

Kò já bọ́ rí. Ìyá fúnra rẹ̀ ló lẹ sítáǹpù náà, tó fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ pẹ́ kí n tó lọ fi lẹ́tà náà ránṣẹ́.

Iléyá dé, Bùkárì ò dé. Ìyá fi apá ẹran pamọ́ dè é títí ó fi gbẹ. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ẹni tó ń pín lẹ́tà mú ọ̀kan wá, ó ní: "Ìyá, tiyín ló padà. Kò ní sítáǹpù." Ojú ibi tí sítáǹpù wà, ẹ̀kọ gbígbẹ nìkan ló kù, aáyán ti jẹ ẹ́ yíká.

Ìyá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ó ti lọ nìyẹn. Ó rò pé mo yọ̀ǹda òun."

A ò gbúròó Bùkárì mọ́. Títí Ìyá fi kú, bí ẹnikẹ́ni bá ń lọ òkè òkun, á di ọwọ́ rẹ̀ mú. Á ní, "Bí o bá rí i, sọ fún un pé mo ní kó máa bọ̀."