Ilẹ̀kùn Ọkọ̀ Tó Kọ Òtútù Ọyẹ́

Ẹni tó ta ọkọ̀ náà fún mi ní láti Kánádà ló ti wá, ó sì sọ ọ́ bí ìgbà tí èèyàn ń sọ pé ọmọ òun ti di dókítà. Ó ní níbi tí ọkọ̀ yìí ti dàgbà, omi máa ń di òkúta lórí rẹ̀ láàárọ̀, wọ́n á fi ṣọ́bìrì kó yìnyín kúrò lára rẹ̀, síbẹ̀ wọn ò ní yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀mejì kó tó dáhùn. Ó ṣí àwọn ilẹ̀kùn hàn mí. Ó ní sẹ́ńsọ̀ wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, òun ló ń mọ̀ bóyá ilẹ̀kùn ti wọlé dáadáa; bí kò bá wọlé, iná pupa á tàn níwájú awakọ̀, ọkọ̀ á sì máa ké títí wọn yóò fi dá a lóhùn. Mo gbà á gbọ́. Mo tiẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Inú àwa ará Ìbàdàn máa ń dùn gan-an tí wọ́n bá sọ fún wa pé nǹkan tí a rà ti kọ́kọ́ jìyà nílùú òyìnbó.

Ìyá mi nìkan ni inú rẹ̀ kò dùn. Nígbà tí ìyàwó mi gba iṣẹ́ sí Àbújá, tí àwọn ọmọ sì ti lọ sí yunifásítì, mo lọ mú ìyá mi wá láti Ṣakí sọ́dọ̀ mi ní Bódìjà. Ìyá mi kò fẹ́ràn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ rárá. Nígbà tí mo wà ní kékeré, bàbá mi wọ ọkọ̀ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan níwájú ilé wa, ó ní òun ń lọ sí Ìbàdàn. Jàǹbá ṣẹlẹ̀ sí i lójú ọ̀nà, òkú rẹ̀ ni wọ́n gbé padà wá bá wa. Nítorí náà, nígbà tí mo wa ọkọ̀ tèmi wọ géètì, ìyá mi yí i ká láìfọwọ́ kàn án. Ó ní òun ò ní bá mi jà, mo ti dàgbà. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ọkọ̀ náà bá fi àmì burúkú kankan han òun, òun á kó ẹrù òun padà sí Ṣakí, nítorí òun ò tún lè jókòó sójú fèrèsé kí òun máa retí ẹnikẹ́ni mọ́. Ìyá mi kì í sọ̀rọ̀ kó má ṣe é. Bó bá lọ, èmi nìkan ló máa kù nínú ilé oníyàrá mẹ́rin yẹn, mo sì bẹ̀rù ìyẹn ju jàǹbá lọ.

Ọkọ̀ náà hùwà ọmọlúàbí títí ọyẹ́ fi dé. Ọyẹ́ ọdún náà le díẹ̀ lóòótọ́, ètè ń là, ẹsẹ̀ ń funfun, ṣùgbọ́n ọyẹ́ náà ni. Ní òwúrọ̀ kan mo jókòó, mo fa ilẹ̀kùn mọ́ra, ó gbá irin, ó sì padà síta. Mo tún fà á. Ó tún padà. Iná pupa tàn, igbe bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ tó ti sùn sínú yìnyín fún ọdún gbọọrọ, ọyẹ́ Bódìjà ló wá ṣe é léṣe. Lódìkejì títì, aládùúgbò mi kan, tó jẹ́ pé wáyà ló fi so bọ́ńpà ọkọ̀ rẹ̀ mọ́ ara, ti ilẹ̀kùn tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, ó juwọ́ sí mi, ó lọ.

Kí ìyá mi má bàa gbọ́ igbe ọkọ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi orin ìyìn bò ó mọ́lẹ̀. Èmi tí mi ò lè kọrin láti kékeré, mo wá di akọrin láàárọ̀ kùtùkùtù, tí mo ń han gooro láti ibi ìgbọ́kọ̀sí títí dé géètì. Nígbà tí mo bá dé ìta, màá fi okùn tí a fi ń sá aṣọ so ilẹ̀kùn mọ́ ìjókòó, màá sì mú ọ̀nà Olúyọ̀lé pọ̀n, níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ kan. Ní Dùgbẹ̀, níbi tí ọkọ̀ kì í ti í rìn, gbogbo ayé ló ń sọ fún mi pé ilẹ̀kùn mi ṣí. Awakọ̀ takisí sọ ọ́. Ẹni tó ń ta omi inú ọ̀rá sọ ọ́. Ọlọ́pàá tó ń darí ọkọ̀ dúró, ó wo okùn, ó wo ojú mi, ó wá sọ ọ́ pẹ̀lú ìbànújẹ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wọn, bí ẹni pé mo rò pé okùn yẹn wà fún ọ̀ṣọ́.

Mo pe ọmọ àbúrò bàbá mi tó ń gbé ní Kánádà, mo ní ó kúkú jẹ́ ará ìlú kan náà pẹ̀lú ọkọ̀ yìí. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín tó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó bi mí bí òtútù wa ṣe tó, mo sọ fún un, ó tún rẹ́rìn-ín, ó ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń wọ síńgílẹ́ẹ̀tì lọ́dọ̀ àwọn. Lẹ́yìn náà ló wá di ọ̀jọ̀gbọ́n. Ó ní mi ò gbọdọ̀ da omi gbígbóná sára ilẹ̀kùn, nítorí yóò tún dì. Ó ní kí n lo ẹ̀rọ tí àwọn obìnrin fi ń gbẹ irun. Mo yá a lọ́wọ́ onírun kan ní Agbowó, mo fa wáyà gba ojú fèrèsé, mo tẹ̀ ẹ́. Wọ́n mú iná lọ.

Rìwáyà, ìyẹn ẹni tó ń bá wa tún iná ọkọ̀ ṣe ní Ṣàngó, ló kàn. Ọ̀sán ni mo máa ń ráyè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, oòrùn á ti là dáadáa. Á ṣí ilẹ̀kùn, á tì í, á sì wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ọmọ tó rí àlejò. Á wá máa wò mí bí ẹni tí àìsàn rẹ̀ kò sí lára ọkọ̀. Kí ó má bàa dà bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan, ó pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀, ó tún pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ó wá ní ọpọlọ ọkọ̀ ló ti daṣẹ́ sílẹ̀. Mo ní ọpọlọ tó ń daṣẹ́ sílẹ̀ láàárọ̀ tó sì ń padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́sàn-án, òṣìṣẹ́ ìjọba ni. Kò rẹ́rìn-ín.

Ní òwúrọ̀ Sátidé kan tí mi ò lọ síbi iṣẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ síwájú ilẹ̀kùn, mo sì ti ìka bọ inú irin tó máa ń gbá a mú. Ìka mi kan nǹkan kan tó dì, tó funfun bí ìda. Mo gbóòórùn rẹ̀. Àdín àgbọn ni. Mo mọ òórùn yẹn dáadáa, òun ni ìyá mi máa ń fi pa irun, òun náà ló sì máa ń dì gbagidi nínú ìgò tí ọyẹ́ bá ti dé, á sì yọ́ padà tí oòrùn bá mú.

Nínú ilé ìdáná ni mo bá a, ìgò àdín rẹ̀ wà nínú abọ́ omi gbígbóná, ó ń dúró kó yọ́. Mo bi í bóyá òun ló ń fi àdín sára ilẹ̀kùn ọkọ̀ mi. Kò jiyàn. Ó ní lálaalẹ́ tí mo bá ti dé, òun máa ń mú kọ́kọ́rọ́ níbi tí mo gbé e kọ́, òun á gbàdúrà níbi ilẹ̀kùn tí mò ń gbà wọlé, òun á sì da òróró sí i. Ó ní òróró ólífì tí wọ́n ń lò ní ṣọ́ọ̀ṣì ti wọ́n jù, Ọlọ́run tó dá ólífì ló sì dá àgbọn. Inú bí mi. Mo sọ fún un pé àdín yẹn ló ń dì láàárọ̀, pé díẹ̀ ló kù kí n já bọ́ sórí títì ní Ring Road. Ohùn mi lọ sókè, mi ò purọ́. Lẹ́yìn náà ni mo rántí pé mo ti tú àṣírí ara mi. Mo dúró kó sọ pé òun ń lọ kó ẹrù.

“Mo ti mọ̀ pé kì í tì,” ó ní. “Mo ń gbọ́ igbe ẹ̀. Orin ẹ yẹn ò bo nǹkan kan.”

“Mọ́mì, kí ló dé tí ẹ ò bínú?”

Ó yọ ìgò kúrò nínú omi, ó fi aṣọ ìró rẹ̀ nù ún kó tó dá mi lóhùn.

“Ẹ̀yìnkùlé ni mo wà láàárọ̀ tí bàbá ẹ lọ. Mo ń fọ ìkòkò. Mi ò rí i nígbà tó ń jáde. Ìgbà tó gbá ilẹ̀kùn ọkọ̀ ẹ̀ pa, ìró yẹn ni mo gbọ́. Mi ò gbọ́ nǹkan kan láti ọ̀dọ̀ ẹ̀ mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ìgbà tó o wá ra tìẹ, mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ọ láràárọ̀. Mo wá bẹ Ọlọ́run kó bá mi mú un kúrò létí. Nígbà tí ọyẹ́ dé, ó mú un kúrò.”

 Mo jókòó sórí àpótí ilé ìdáná, mo di ọwọ́ rẹ̀ tó kún fún àdín mú, àánú rẹ̀ sì ṣe mí débi pé omi bọ́ lójú mi.

Mo fi kẹrosín-ìn fọ irin náà lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ilẹ̀kùn sì ń tì bí ó ti yẹ. Ìyá mi kò lọ sí Ṣakí. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo jókòó, mo tan ọkọ̀, mi ò sì ti ilẹ̀kùn. Mo fi ọwọ́ kan dì í mú, mo jẹ́ kí ọkọ̀ máa ké, mo rọra gba géètì jáde, mo kọjá gbogbo ilé àdúgbò wa títí mo fi yà sí kọ̀rọ̀ tó bọ́ sí títì ńlá, níbi tí etí ìyá mi kò lè dé. Ibẹ̀ ni mo ti gbá a pa. Ọyẹ́ ti lọ báyìí, òjò ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ni mo ṣì ti ń gbá a pa.