Ewúrẹ́ Mẹ́ta Lórí Òkè Nọ́wè

Òórùn life jacket yẹn ò tíì kúrò nímú mi: òórùn rọ́bà, iyọ̀, àti òógùn ẹni tó wọ̀ ọ́ kó tó kàn mí. Èmi nìkan ni mo wọ̀ ọ́ nínú gbogbo ọkọ̀ ojú omi náà. Àwọn ọmọ òyìnbó tí ò ju ọdún mẹ́ta lọ ń sáré kiri nínú ṣòkòtò péńpé, èmi bàbá arúgbó jókòó sínú yàrá ìjẹun, mo fi life jacket aláwọ̀ ọsàn lé orí bùbá, mò ń mu tíì. Ọkùnrin tó ń ta tíì wò mí títí, ó ní kò séwu. Mo ní mo mọ̀. Mi ò bọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe débẹ̀. Bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ iléèwé ni mò ń wà ní Calgary, nílẹ̀ Kánádà, àdúgbò Pineridge sì ni èmi àti ìyàwó mi ń gbé. Ìsẹ́yìn ni wọ́n bí mi sí. Omi tó jìn jù tí mo mọ̀ níbẹ̀ ni ti inú kànga, wọ́n sì kìlọ̀ fún mi pé kí n má yọjú wò ó. Mo gba ìkìlọ̀ náà títí dòní. Ọmọ wa obìnrin, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ra ilé sí àdúgbò Mahogany, lẹ́bàá adágún omi. Bí wọ́n bá ní ká jọ lọ ṣeré létí omi, inú mọ́tò ni mo máa ń jókòó sí, màá ní mò ń ṣọ́ mọ́tò. Ta ló fẹ́ jí i?

Nígbà tí ọmọ yìí wá dé lọ́jọ́ kan, tó ní òun ti ṣètò kí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ lo ọ̀sẹ̀ méjì ní Nọ́wè nígbà summer, nínú ọkọ̀ ojú omi tó máa ń rọra lọ láàárín òkè, àyà mi já.

"Kí la fẹ́ lọ wá níbẹ̀?"

"Mummy ló fẹ́ ẹ, Daddy."

Mo wo ìyàwó mi. Obìnrin tí kì í béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ń wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, Daddy," ló wí, "ẹ jẹ́ ká lọ." Mo rò pé fídíò orí fóònù ló ń dà á láàmú. Mo gbà, ṣùgbọ́n mo kùn títí a fi wọ báàlù.

Bí ilẹ̀ náà ṣe rí nìyí: òkun gba àárín òkè wọlé bí ọ̀nà tóóró, òkè dúró lọ́tùn-ún lósì bí ògiri, snow ṣì wà lórí wọn nínú oòrùn, omi sì ń ṣàn wálẹ̀ lára àpáta bí ẹni ń da omi ìrẹsì nù. Ọkọ̀ náà ò kánjú. Yóò dúró ní abúlé kan, yóò já àpótí mẹ́ta àti ìyá àgbà kan sílẹ̀, yóò tún rọra ṣí. Púpọ̀ nínú ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí kì í ṣe ojú mi ló rí i. Ẹ ó gbọ́ bó ṣe jẹ́.

Ìyàwó mi ò wọlé láti àárọ̀ dalẹ́. Ìta ló máa ń dúró sí, pẹ̀lú súwẹ́tà àti ìborùn, bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́. Inú bí mi díẹ̀ pé mò ń dá jẹun. Ní ọjọ́ kẹrin, ó wọlé wá bá mi. Bó ṣe fẹ́ jókòó, ọwọ́ òsì rẹ̀ gbá ife tíì mi, ó dà sí mi lẹ́sẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín.

"Mummy, ṣé o ò rí i ni?"

Kò rẹ́rìn-ín. "Mi ò rí i."

Ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń sọ pé iyọ̀ ti tán. Ó ní ojú òsì òun ti kú látìgbà tí snow ń bọ́. Ti ọ̀tún náà ti ń lọ. Dókítà ní kò lè padà, pé ohun tó bá ń wù ú láti rí, kó tètè lọ rí i.

Tíì ń kán sí mi lẹ́sẹ̀, mi ò mọ̀ bóyá ó gbóná.

"Ta ló mọ̀?"

"Ọmọ wa. Àbúrò mi. Àwọn ìyá àsàlátù."

"Gbogbo àsàlátù?"

Ọmọ wa ti dé ẹ̀yìn wa. "Daddy, we didn't want to shock you."

"Ẹ̀rù yín pọ̀ ju tèmi lọ," ni ìyàwó mi wí. "Tí mo bá sọ fún yín, ẹ̀rù yín ni màá máa tọ́jú. Mi ò ní ráyè tọ́jú ojú."

Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ò bá gbé ọ̀rọ̀, a kì í já a lù ú. Èmi fúnra mi fi ikú bàbá ìyàwó mi pa mọ́ fún un fún ọjọ́ mẹ́ta nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Mi ò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí wọ́n á kà mí mọ́ irú àwọn ẹni bẹ́ẹ̀, tèmi ti irùngbọ̀n funfun.

"Ẹ wá dúró lápá òsì mi," ló wí. "Ibẹ̀ ni mi ò rí."

Mo bá a jáde. Mo di irin ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú bí ẹni pé èmi ni mo gbé ọkọ̀ náà dúró.

"Kí lẹ rí?"

"Òkè."

"Kí ló wà lórí òkè?"

"Ewúrẹ́."

"Mélòó?"

"Mẹ́ta. Ọ̀kan dúdú."

Ọmọ wa kọ háà. "Daddy, there are no goats. Your eyes are closed."

Òótọ́ ni. Èmi tí ojú mi ò ṣe nǹkan kan, mo dì í pinpin. Ìyàwó mi bú sẹ́rìn-ín, ó rín in títí tó fi di okùn life jacket mi mú kó má baà ṣubú. Mo la ojú. Ilé pupa kan ṣoṣo wà lẹ́sẹ̀ òkè, ẹnì kan sì ti sá aṣọ ibùsùn síta. Mo sọ fún un.

"Àwọ̀ wo?"

"Búlúù."

"Ẹ ò purọ́?"

"Mi ò purọ́."

Apá òsì rẹ̀ ni mo wà títí ìrìn àjò náà fi parí, pẹ̀lú life jacket mi, àyà mi ń lù kì-kì-kì.

Lọ́dún yìí, kí snow tó yọ́, ojú ọ̀tún náà lọ. Láràárọ̀, kí n tó lọ gbé bọ́ọ̀sì, mo máa ń dúró lójú fèrèsé ilé ìdáná, màá sọ ohun tó wà níta fún un: snow lórí mọ́tò ará ilé kejì, ajá, ọmọ tí ò dé fìlà. Á gbọ́ tán, á ní, "Ewúrẹ́ ńkọ́?"

Tó bá dìrọ̀lẹ́, èmi náà á béèrè tèmi, ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ tí mo fi jókòó mu tíì nínú ọkọ̀. Á sọ ọ́ fún mi, bí omi ṣe ń já bọ́ bí omi ìrẹsì, bí ìyá àgbà náà ṣe sọ̀ kalẹ̀ tó ń juwọ́ sí ọkọ̀. Mo máa ń di ojú kí n lè rí i dáadáa. Kò sẹ́ni tó ń bá mi wí mọ́.