Ìyẹ̀fun Tí Kò Gbọdọ̀ Ní Òróró

Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni Gera.

Nígbà tí àgùntàn Ìyá Asuba, ará abúlé rẹ̀, sọnù, àwọn àgbà kéde lẹ́nu ibodè pé kí ẹni tó bá rí ẹni tó jí i wá sọ ọ́. Bí ó bá dákẹ́, ẹ̀ṣẹ̀ náà di tirẹ̀. Gera rí ẹni tó fà á lọ. Àna rẹ̀ ni. Ó dákẹ́.

Ó rò pé ọ̀rọ̀ náà máa tán. Kò tán. Nígbà tí ó ku ọjọ́ díẹ̀ kí ọmọbìnrin rẹ̀ bímọ, oorun dá lójú rẹ̀. Bí ohun tí òun gbé mì bá lọ já lé ọmọ yẹn lórí ńkọ́?

Kò ní àgùntàn tí yóò fi rúbọ ẹ̀ṣẹ̀, kò ní àdàbà méjì. Òfin ní kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ mú ìyẹ̀fun wá. Òun àti ìyàwó rẹ̀ gbọn ìkòkò ìyẹ̀fun gbẹ sínú ọpọ́n, ó sì gbé e lọ sí Ṣilo, níbi pẹpẹ Ọlọ́run.

Ó jẹ́wọ́ fún àlùfáà. Àlùfáà ki ọwọ́ bọ ọpọ́n, ó gbóòórùn rẹ̀.

“Bàbá, ta ló da òróró sí i?”

“Ìyàwó mi ni. Ó ní èèyàn kì í gbé nǹkan gbígbẹ lọ bá Ọlọ́run.”

“Ẹ̀bùn là ń da òróró sí. Ẹ̀ṣẹ̀ lẹ gbé wá.”

Oòrùn ti ń yẹ̀. Ìyẹ̀fun kankan kò kù nílé. Nínú àwọn tó tò síbẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo ló gbé ìyẹ̀fun gbígbẹ dání, òróró tirẹ̀ ṣì wà nínú ìwo. Ìyá Asuba ni. Ọrẹ ọpẹ́ ìkórè ló mú wá. Gera kọjá lára rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ní ìgbà kẹta ó bẹ̀ ẹ́ pé kí àwọn ṣe pàṣípààrọ̀.

“Gbígbẹ kẹ̀? Kí lo jẹ tó há ọ lọ́fun?”

“Àgùntàn yín ni, Ìyá Asuba. Mo rí ẹni tó fà á lọ. Àna mi ni.”

Ìyá náà gbé ìyẹ̀fun rẹ̀ kalẹ̀. Ó ní gbogbo abúlé ló mọ̀ pé ó rí i, ẹnu rẹ̀ ni àwọn ń dúró dè. Ó ní àna rẹ̀ jẹ ọ̀rá, Gera wá ń ru egungun kiri.

“Gbé ọpọ́n rẹ wá. Òróró ìyàwó rẹ kò ní ṣòfò.”

Àlùfáà bu ẹ̀kúnwọ́ kan sínú iná. Ó jó, ó kú. Kò ta sánsán. Gera bi í bóyá ó parí. Àlùfáà ti ń pe ẹni tó kàn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, lójú ọ̀nà, Gera jẹ ọkà sísun díẹ̀ tí Ìyá Asuba bù fún un, láìsí òróró. Kò há a lọ́fun.