Ilà Mẹ́ta Lórí Irin Ìbọn

Ọkùnrin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Woolwich ní London níbí tó máa ń gé kọ́kọ́rọ́. Láàárọ̀ yìí, bí mo ṣe ń kọjá lọ ra iṣu, ó tan ẹ̀rọ rẹ̀, òórùn irin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá sì gba imú mi kan. Ẹsẹ̀ mi kọ̀, kò lọ mọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ti nǹkan bọ etí kọjá lè máa rò pé bàbá yìí ti gbàgbé ọ̀nà ilé. N kò gbàgbé o. Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ni ọkàn mi lọ, sí àgbẹ̀dẹ bàbá Múráínà, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré.

Bàbá náà kì í rọ ọkọ́ bí àwọn alágbẹ̀dẹ yòókù, ìbọn ọdẹ ló ń tún ṣe. Bí wọ́n bá gbé èyí tó ti dẹnu kọlẹ̀ wá, á gbé e sétí, á ṣí i, á pa á dé, á sì sọ alágbẹ̀dẹ tó ṣe é fún wa, bí ìyá ṣe ń dá igbe ọmọ rẹ̀ mọ̀. Èmi àti Múráínà náà á fetí sí i títí, a kò sì dá a mọ̀ rí. Nígbà tó bá tún un ṣe tán, á fá àmì ẹni àkọ́kọ́ dànù, á fín ilà mẹ́ta tirẹ̀ síbẹ̀. Ó máa ń sọ pé, "Tó bá bú gbàmù lójú ọdẹ lọ́la, ta ni wọn yóò bá wí? Èmi ni kí wọ́n wá bá." Nítorí ilà mẹ́ta yẹn, àwọn ọdẹ ń ti ọ̀nà jíjìn wá.

Nígbà tí àwa méjèèjì di ará London, Múráínà ń wa bọ́ọ̀sì lọ sí Thamesmead, ṣùgbọ́n ìbọn kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ó gba ìwé àṣẹ, ó sì wọ ẹgbẹ́ àwọn tó ń gbé ìbọn lé tábìlì, tí wọ́n á jókòó gẹlẹtẹ, tí wọ́n á máa yìn ín sí bébà. Mo rẹ́rìn-ín títí. "Ọdẹ bébà, ẹran dà?"

"Fi mí sílẹ̀ jàre, kí lo mọ̀?"

Ó ra ọ̀kan tó ti gbó, kò ní igi ìdí, kò ní ọ̀pá ẹnu, àfi irin àárín rẹ̀ nìkan, níbi tí ọta ń jókòó sí kó tó jáde. Ó tún un ṣe títí ó fi ń ṣí, tó ń pa dé wọ́ọ́rọ́wọ́.

Lọ́dún tó kọjá, Múráínà kú. Ẹni tí kò bá ní ìwé àṣẹ kò gbọdọ̀ tọ́jú irú irin bẹ́ẹ̀, nítorí náà wọ́n gbé irin náà lọ sọ́dọ̀ oníṣòwò ìbọn kan. Wàhábù ọmọ rẹ̀, tí wọ́n bí síbí, ní kí n sin òun lọ gbọ́ bó ṣe níyì tó.

Òyìnbó àgbàlagbà náà fi awò sójú. Ó ṣí irin náà, ó pa á dé, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní àwọn tó ń kó irú rẹ̀ jọ ń wá a lójú méjèèjì, pé díẹ̀ ni wọ́n ṣe. Ló bá yí ẹ̀yìn irin náà sókè, ojú òyìnbó náà sì fà ro. Ọ̀rẹ́ mi ti fá orúkọ ẹni tó ṣe é kúrò, àwọ̀ àtijọ́ ti bá a lọ, ilà mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Ó ní kò sẹ́ni tó máa rà á mọ́, gígé ló kù.

Ohun tó sọ ìbọn di ọ̀wọ́n nílé ló sọ ọ́ di pàǹtí níbí. Omi bọ́ lójú mi níwájú òyìnbó náà. Mo bẹ Wàhábù: "Má jẹ́ kí wọ́n gé e. Àmì bàbá bàbá ẹ nìyẹn."

"Uncle, I hear you. Ta ló máa keep ẹ̀? Mi ò ní licence. You nko, o ní? It's just metal, innit. Jẹ́ kí wọ́n scrap ẹ̀."

Kò tilẹ̀ rántí fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀. Kì í ṣe àrífín, bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ níbí ni. Òótọ́ ló sì sọ, èmi náà kò ní ìwé àṣẹ. Ó bu ọwọ́ lùwé, a jáde.

Àgbẹ̀dẹ náà ti wó, wọ́n ti kọ́ ilé sí i. Àwọn ìbọn tí bàbá tún ṣe ti dípẹtà pẹ̀lú àwọn ọdẹ tó ni wọ́n. Irin Múráínà yẹn nìkan ló kù tí mo mọ̀ tó ní ilà mẹ́ta, wọ́n sì ti gé e. Ìwà rere ò tíì tán ṣá: Wàhábù ṣì ń dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ Jímọ̀, á di apá mi mú sọdá títì. Ọmọ dáadáa ni. Kò mọ̀ pé òun pàdánù ohunkóhun. Èmi nìkan ni mo mọ̀, èmi náà ò sì ní pẹ́ mọ́.