Ẹni Tó Pe Orin Ló Ń Ra Tíì

Bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ní ìlú Rohri, tí ẹ sì béèrè ilé tíì Bachal, kò sẹ́ni tí kò ní júwe rẹ̀ fún yín. Èmi ni Bachal. Ó ti tó ogójì ọdún tí mo ti gbà pé orin tí mo ń lù ló ń mú àwọn èèyàn wá. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé, nítorí ẹ̀rín náà ṣì ń bọ̀ níwájú.

Bàbá mi ló dá ilé tíì náà sílẹ̀. Rédíò ni tirẹ̀, rédíò ńlá tó gbọ́dọ̀ gbóná kó tó sọ̀rọ̀. Ìyá mi fi òwú aláràbarà hun ìbora fún un, àfi bíi pé òtútù ń mú un. Bí ìròyìn bá parí tí orin sì bẹ̀rẹ̀, àwọn arẹrù ibùdókọ̀ á sọ ẹrù oníbàárà kalẹ̀, wọ́n á wá dúró sẹ́nu ọ̀nà wa. Nígbà tí bàbá mi kú tí ilé tíì di tèmi, ọdún kan náà ni mo gbé Sabhagi níyàwó tí mo sì ra gíramafóònù. Ká ní ìyá mi ṣì wà láyé ni, ì bá sọ fún yín èwo nínú àwọn méjèèjì ni mo ń kọ́kọ́ kí láràárọ̀.

Láyé ìgbà yẹn, orin kì í ṣe ohun tí èèyàn ń dá gbọ́. Àwo orin wọ́n, ilé tó sì ní ẹ̀rọ kò pọ̀. Ni mo bá ṣe òfin kan: ẹni tó bá pe orin, òun ni yóò ra tíì fún gbogbo ẹni tó jókòó. Òfin náà dùn mọ́ wa. Bí ọkùnrin kan bá pe orin ìfẹ́, gbogbo ilé á ti mọ̀ pé wọ́n ti gbà fún un níbi tó ti ń tọrọ aya. Bó bá pe orin ìbànújẹ́, a ti mọ̀ pé wọ́n lé e bọ̀ ni. A ó máa mu tíì rẹ̀, a ó sì máa bá a kẹ́dùn. Èmi ni màá mú àwo orin náà jáde, màá fi etí aṣọ mi nù ún, màá gbé abẹ́rẹ́ lé e, màá wá dijú bí ẹni tó ń gbàdúrà. Wọ́n á ní, "Bachal, etí tìrẹ yàtọ̀." Orí mi á wú débi pé fìlà mi kì í fẹ́ẹ́ wọ̀ mí mọ́.

Ẹ̀yìn ògiri ni Sabhagi máa ń wà, nídìí ààrò, torí ọ̀dọ̀ tiwa, obìnrin kì í jókòó sáàárín ọkùnrin nílé tíì. Fèrèsé kékeré kan wà lára ògiri náà, aṣọ ló bò ó. Bí tíì bá ti jinná, á fi ṣíbí ńlá kan ògiri, èmi á sì gba tíréè. Ọwọ́ rẹ̀ àti ẹ̀gbà tó wà lọ́wọ́ náà nìkan làwọn oníbàárà mi mọ̀.

Nígbà tó yá, àbúrò ìyàwó mi ti Dubai dé, ó gbé ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì oní-sípíkà méjì wá fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ gbọ́ o, fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀rọ náà ti wà níwájú ilé tíì, mo sì ń ṣàlàyé fún àwọn awakọ̀ akẹ́rù bí mo ṣe rà á. Mo kó gbogbo àwo orin mi fún ọkùnrin kan tó ń kó nǹkan àlòkù, ó fún mi ní kásẹ́ẹ̀tì dípò wọn. Mo rò pé mo rẹ́ ẹ jẹ. Orin ìgbà náà ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé. Èmi náà ń mi orí sí i, ọrùn ń dùn mí, mo ṣáà ń mì í. Lẹ́yìn ìyẹn ni sídìí dé, ṣùgbọ́n eruku Rohri kò jẹ́ kó pẹ́ láyé.

Dhani onígbàjámọ̀, tí ìsọ̀ rẹ̀ fara ti tèmi, ló kọ́kọ́ gbé fóònù olórin wọ ilé tíì mi. Mo rí nǹkan funfun kan tó kì bọ etí.

"Dhani, kí ló ṣe ọ́ létí? Ṣé ó ń dùn ọ́ ni?"

"Orin ni, ẹ̀gbọ́n."

"Orin wo? Èmi ò gbọ́ nǹkan kan."

"Ẹ̀yin kọ́ ni mo ń lù ú fún. Èmi tí mò ń gbọ́ ọ ti tó."

"Ta ni yóò wá ra tíì fún ilé?"

"Mo ti ra tèmi. Kálukú ní ọwọ́, kálukú ní àpò."

Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní àṣà tó máa ń kọjá lọ ni. Kò ju ọdún mélòó kan lọ, íápíìsì, nǹkan etí yẹn, ti kún ilé tíì mi. Ẹnì kan á máa dá rẹ́rìn-ín, ẹni tó jókòó tì í á máa nu ojú, a ò sì mọ ohun tó ṣe ẹnì kankan nínú wọn. Èmi wá yí ohùn ẹ̀rọ mi sókè. Hamzo, arẹrù àtijọ́ tó ti ń gbọ́ rédíò bàbá mi látìgbà tí irun rẹ̀ ṣì dúdú, ló pè mí sọ́dọ̀. Mo rò pé ó fẹ́ pe orin.

"Bachal, jọ̀ọ́ dín ariwo yẹn kù. Mi ò gbọ́ ti inú fóònù mi."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dé egungun. Ohun kan ṣoṣo ni mo wá fẹ́ mọ̀ láyé mi: ṣé ẹnikẹ́ni ṣì ń gbọ́ orin tí mo ń lù? Mo ní ó dáa, màá pa ẹ̀rọ náà, kí wọ́n lè wá bẹ̀ mí. Mo pa á láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo jókòó, mo káwọ́ gbera, mo ń retí ẹ̀bẹ̀. Kò sẹ́ni tó bojú wẹ̀yìn. Lọ́jọ́ kejì, Dhani ní ilé tíì náà mà ń tu òun lára gan-an látàná, ó béèrè bóyá mo ra fáànù tuntun ni.

Àárọ̀ ọjọ́ kẹta, èrò ti kún, mi ò gbọ́ kí Sabhagi kan ògiri. Mo ká aṣọ fèrèsé sókè. Iná ti kú nínú ààrò, ìyàwó mi sì jókòó kalẹ̀, ó káwọ́ lé itan.

"Ìyá Sarang, kí ló dé? Èèyàn ti pọ̀ níwájú."

"Kí ló ṣe ẹ̀rọ yín?"

"Kò ṣe nǹkan kan. Èmi ni mo pa á."

"Iná tèmi náà ò ṣe nǹkan kan. Èmi ni mo pa á."

"Kí lò ń ṣe báyìí? Ṣebí tíì làwọn èèyàn yìí bá wá."

Ọ̀rọ̀ náà ti jáde lẹ́nu mi kí n tó gbọ́ ohun tí mo sọ. Sabhagi náà gbọ́ ọ. Ó fi etí aṣọ bo ẹnu rẹ̀, ẹ̀rín ń mi èjìká rẹ̀.

"Ṣé ìwọ máa ń gbọ́ orin yẹn ni?" Ohùn mi ti rẹlẹ̀.

"Bàbá Sarang, láti ọjọ́ tẹ́ ẹ ti gbé mi wálé ni mo ti ń jókòó síbí. Kí lẹ rò pé mò ń fi etí ṣe? Orin iwájú yẹn ni mo fi rẹ Sarang ọmọ wa lẹ́kún títí ó fi dàgbà. Ẹ̀rọ tí àbúrò mi gbé wá fún mi, ẹ gbé e lọ, mi ò bá yín jà, torí mo ṣáà ń gbọ́ ọ. Ẹ wá lọ pa á, ẹ ò tiẹ̀ bi mí."

Mo ní kí ló fẹ́ kí n lù fún un.

"Mo mọ òfin," ló wí. Ó dáná, ó se tíì, ó bù ú kún ife tó tó gbogbo ilé, ó ti tíréè náà sí mi. "Ẹ gbé e fún wọn, èmi ni mo rà á. Mo pe orin ìyàwó atukọ̀."

Ọdún tá a ṣègbéyàwó ni orin náà jáde. Àwo rẹ̀ wà lára àwọn tí mo kó fún ọkùnrin alálòkù yẹn. Mi ò sì ra kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ rí, torí kò sẹ́ni tó ń pè é. Èmi tí etí mi yàtọ̀, mo dúró pẹ̀lú tíréè lọ́wọ́, mi ò ní orin kan ṣoṣo tí ìyàwó mi pè láyé rẹ̀.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Lẹ́yìn tí mo pín tíì tán, mo fọwọ́ kan Dhani léjìká. Ó yọ ẹyọ kan kúrò létí.

"Dhani, mo fẹ́ bẹ̀ ọ́. Ṣé orin ìyàwó atukọ̀ wà nínú nǹkan rẹ yẹn?"

"Ẹ̀yin? Nínú fóònù tẹ́ ẹ ti ń bú látọjọ́ yìí? Ta ló tún ń gbọ́ orin arúgbó yẹn?"

"Ìyàwó mi ló pè é. Òun ló ra tíì tó wà lọ́wọ́ rẹ yẹn."

Dhani wo ife, ó wo aṣọ fèrèsé. Ó gbé ife kalẹ̀. Mo ń retí kó fi mí ṣẹ̀sín, kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó lọ mú okùn wáyà kan wá láti ìsọ̀ rẹ̀, ó so fóònù mọ́ sípíkà mi. Ohun tó sọnù lọ́wọ́ mi látọjọ́ yìí, ó rí i kí n tó nu ọwọ́ mi gbẹ.

Orin náà bẹ̀rẹ̀. Mo yọjú wo fèrèsé, mo rí Sabhagi tó dijú. Bí mo ṣe máa ń ṣe ẹ̀tàn rẹ̀ níwájú àwọn ọkùnrin yẹn gẹ́lẹ́ ni, ṣùgbọ́n tirẹ̀ kì í ṣe ẹ̀tàn. Ojú tì mí, inú mi sì dùn. Àwọn oníbàárà mi kò gbọ́ nǹkan kan, kálukú wà nínú etí tirẹ̀.

Bí orin ṣe parí, mo gbọ́ tó kan ògiri. Mo lọ gba tíréè, kò sí tíréè níbẹ̀.

"Ẹ tún un lù," ni Sabhagi wí.

"Òfin ńkọ́?"

"Ẹ̀yin ló kàn láti ra tíì."

"Lọ́wọ́ ta ni?"

"Èmi ń gbọ́ orin. Ààrò rèé."

Bẹ́ẹ̀ ni èmi Bachal, onílé tíì, ṣe wọ ilé ìdáná lọ se tíì fúngbà àkọ́kọ́ láyé mi. Mo bu omi, mo da mílíìkì, mo da ewé tíì sí i, mo bu ṣúgà bí ọkàn mi ṣe ní kí n bù ú. Dhani tún orin náà lù. Mo gbé tíréè jáde, mo pín in.

Hamzo mu ẹnu kan, ó yọ íápíìsì kúrò létí. Ẹni tó tẹ̀ lé e náà yọ tirẹ̀, ó bojú wo inú ife. Láìpẹ́ gbogbo ilé ti yọ ọ́.

"Bachal, kí lèyí? Ṣé omi ìfọṣọ ni?"

"Ta ló se nǹkan yìí? Ẹ dá owó wa padà o."

Ariwo ń pọ̀ sí i. Ni ohùn kan bá ti ẹ̀yìn aṣọ fèrèsé wá, ohùn tí kò sí oníbàárà kan tó gbọ́ ọ rí láti ọjọ́ tí ilé tíì náà ti wà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́. Mò ń gbọ́ orin."

Gbogbo wọn dákẹ́. Íápíìsì wà lọ́wọ́ wọn, kò sẹ́ni tó láyà láti fi í padà sétí. Gbogbo ilé jọ gbọ́ orin ìyàwó atukọ̀ dé òpin, tíì burúkú mi wà lọ́wọ́ kálukú.